Ilé Kan Àbí Méjì

Iná lọ ní aago mọ́kànlá ku díẹ̀.
Àwọn òkè tó yí ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ ká dúdú bí ìdí ìkòkò.
Fóònù mi ku ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún,
mo fi tan ìmọ́lẹ̀ sórí ìwé,
mo lóṣòó ti ìṣirò kan bí òṣómàáló
lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
lónìí, n ò ní lọ láìgbà.

Kúákì kì í dá rìn.
Bí ẹ bá ní kí ẹ fà á kúrò lára èkejì rẹ̀,
okùn tó so wọ́n kò ní dẹ̀, líle ló ń le sí i,
títí yóò fi já,
ojú ibi tó ti já yóò sì bí kúákì tuntun:
ẹni tí ẹ fẹ́ sọ di àdádó ti tún ní ìyàwó.

Méjìméjì la mọ̀ wọ́n, tàbí mẹ́tamẹ́ta.
Mẹ́tamẹ́ta ni wọ́n wà nínú iyanrìn, nínú iṣu, nínú èékánná mi.
Àfi àwọn kan tó yọjú láìpẹ́ yìí
tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin.

Dókítà Fágbohùn fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrí mẹ́rin sójú pátákó.
"Ìbíyẹmí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.
Ṣé yàrá kan ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sùn,
àbí ilé méjì ni, méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún,
tí ògiri wọn kàn fara tira?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ kúákì ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Bàbá mi, Ògúnmọ́dẹdé, wa wúrà ní Ìtàgúnmódì
fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Ìyá mi wà ní Òkèṣà n'Iléṣà, ó ń rán aṣọ iléèwé.
Èmi àti àbúrò mi ń lọ, à ń bọ̀ láàárín wọn
pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀.
Ẹ bi bàbá mi, á ní, "Ulé mi wà l'Ókèṣà,"
ulé, bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é láìtijú,
ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lábẹ́ páànù létí odò.
N ò rí i kó bá ìyá mi jà rí.
N ò rí i kó sùn mọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀ rí.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fọ wúrà:
da iyanrìn sábọ́, bu omi sí i, yí i.
"Má wo ohun tó ń bómi lọ.
Wo ohun tó kọ̀."
Igba abọ́ láàárọ̀ kan,
nígbà míì, òfo.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń sọ kóró átọ́ọ̀mù lura lókè òkun:
òkìtì pàǹtí, òkìtì pàǹtí,
kí òkè kékeré kan tó yọ lórí àwòrán.
Oníkúákì mẹ́rin ti kú kí ẹ tó la ẹnu dárúkọ rẹ̀.
Àwọn ọmọ rẹ̀ la bá, tí wọ́n ń sá lọ;
àwọn la wọ̀n, tí a rò pọ̀,
tí a fi mọ bí òkú ṣe wúwo tó.
Òkè tó bá fẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.
Òkè tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ó pẹ́ láyé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Kòtò ya bo bàbá mi lọ́jọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn òjò.
Àwọn ẹbí ń bèèrè ibi tí a ó sin ín sí.
Ìyá mi ò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.
"Ẹ gbé e wá sílé."
Kò sẹ́ni tó bi í pé èwo.

Ní aago mẹ́rin ìdájí, èsì jáde:
ohun tó so àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kéré,
ó kéré débi pé bí ẹ bá mí sí i, á tú.
Ilé méjì, mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Iná dé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i:
mo ti gbàgbé àmì ìyọkúrò kan lójú ewé kẹta.

Mo pa á rẹ́.
Mo tún lóṣòó.