Èékánná Aró

Abọ́sẹ̀dé pè láti Wínípẹ́ẹ̀gì lóru,
ó ní, "Ìyá mi, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.
Ẹ má jẹ iyọ̀ púpọ̀. Ẹ máa mu omi dáadáa.
Ẹ máa tètè sùn."
Mo ní mo ti gbọ́.
N kò sọ fún un pé iná fóònù náà ni mo fi ń wo ìka mi,
mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, bí ẹni tó ń ka owó tí kò pé.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi rẹ aṣọ láró
lẹ́yìnkùlé wa ní Kémta.
Ìkòkò mẹ́rin fọ́ lójú mi, ọkọ mi kú,
aró kò kúrò ní èékánná.
Ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó jókòó bí onílé.
Mọ̀ńsúrátù ará Ìjẹmọ̀, nọ́ọ̀sì, rí i,
ó mi orí:
"Ìyá, ibẹ̀ yẹn ni dókítà máa kọ́kọ́ wò.
Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ,
bí èékánná rẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn."
Iṣẹ́ tí mo fi rán ọmọ níwèé
ló wá fẹ́ di àìsàn sí mi lára.

Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo fi kànìnkànìn ha á.
Mo wá òkúta odò Ògùn tí a fi ń ha gìgísẹ̀.
Awọ ìka bó. Aró ń wò mí.
Abọ́sẹ̀dé ní, "Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé aró ni."
Mo ní, "Tí wọ́n bá gbọ́ Àró ńkọ́?
Arúgbó láti Abẹ́òkúta, ó dé iwájú dókítà,
ó ń tẹnu mọ́ Àró, Àró,
ṣé fíísà lo rò pé wọ́n máa fún un?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ rẹ̀ fi jí.

Káàdì abẹ́rẹ́ kò sí. Ta ló fún wa ní káàdì nígbà náà?
Tèmi wà ní apá òsì,
ojú àbùpá, ó rí bíi kọ́bọ̀ tí iná lẹ̀ mọ́ awọ.
Ìyá mi ló dì mí mú fún wolé-wolé,
mo sì gé e jẹ.
Níbikíbi tó bá wà, káàdì tèmi wà lọ́wọ́ òun náà.

Wọ́n ní wọn yóò ya fọ́tò àyà:
mí sínú, dúró, má mí.
Mo ń kọ́ ọ. Nírọ̀lẹ́ mo máa ń lọ dúró ní Láfẹ́nwá,
tí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn, n ó gbé èémí mì,
n ó máa ka ilé rẹ̀ bó ṣe ń kọjá.
Lánàá mo ka mẹ́fà.
Ọlọ́kadà kan dúró, "Ìyá, ṣé kò sí o?"
Mo ní ìwé ni mo ń kà.

Mọ̀ńsúrátù mú fọ́ọ̀mù wá, kí á lè fi ìdáhùn dánra wò.
Ikọ́ ẹ̀gbẹ? Rárá.
Wárápá? Rárá.
Ẹ̀jẹ̀ ríru? Díẹ̀,
bí ẹni tó jẹ mí lówó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà.
"Ọmọ mélòó lẹ bí?"
Abọ́sẹ̀dé wà lórí fóònù, ó gbà á lẹ́nu mi: "Mẹ́rin."
Mo ní, "Márùn-ún."

Ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé wọn gbóná, ó ń kùn.

Kò dé ọjọ́ ìkómọ. Ọjọ́ kẹfà ni.
Bàbá yín sin ín sẹ́yìn ìkòkò,
ní ọjọ́ keje mo rẹ aṣọ,
torí aró tó bá ti kan kì í dúró de ọ̀fọ̀.
Mọ̀ńsúrátù gbé bíírò sókè,
"Ìyá, ṣé kí n kọ ọ́?"
Kọ márùn-ún.

Ọ̀la ni.
Páásípọ̀ọ̀tù ti wà nínú àpò, àti awò ojú,
àti oògùn, nínú páálí rẹ̀.
N kò ha ìka mọ́.
Fóònù tún dún lóru. Kò sọ ti iyọ̀, kò sọ ti omi.
Ó ní, "Ìyá mi, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"
"Obìnrin. Irun orí rẹ̀ pọ̀."
Kò sẹ́ni tó pa fóònù.
Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí:
sínú,
ó dúró díẹ̀,
síta.