Àmì Pẹ́ńsù Lára Òpó Ilẹ̀kùn

Ní Nárínì, níbi tí odò ti ń di yìnyín kí oṣù kọkànlá tó parí,
ẹ̀gbọ́n mi Ermek ń ga.
Kì í ṣe gíga ọmọdé ni mo ń wí.
Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, irùngbọ̀n ti bo àgbọ̀n rẹ̀,
síbẹ̀ lọ́dọọdún bàtà ń fún un.
Tó bá gun ẹṣin, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ koríko
bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Pẹ́ńsù kan wà lórí fìríìjì.
Lọ́jọ́ ọdún tuntun wa, tí ìkòkò súmólọ́kì bá ń hó lóde,
ìyá wa á mú un: "Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti òpó."
Àmì Ermek ń gòkè bí ewúrẹ́ orí àpáta.
Tèmi ti dúró láti ìgbà tí mo ti pé mẹ́rìndínlógún.
Lọ́jọ́ kan ìyá ní kí n wọn òun náà wò. Ó ń rẹ́rìn-ín.
Mo wọ̀n ọ́n. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Ó ti fi ìka méjì kúrú sí ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Ọmọ ń lọ sókè, ìyá ń bọ̀ nílẹ̀,
bí ẹni méjì tó pàdé lórí àkàbà tí wọn ò kí ara wọn.

Bàbá ní gíga ni gíga,
bàbá tòun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ àgọ́.
Àfìgbà tí ìyá yọ̀ lórí yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin,
tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dá, kẹ́! bí igi ìdáná.
Ermek gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó forí gbá àtẹ́rígbà wọn.
Dókítà Sezim wo ìyá díẹ̀, ó wo ọmọ pẹ́.
"Ìwọ náà, wá ya fọ́tò."

Ó gbé fọ́tò méjèèjì kọ́ síwájú iná.
Egungun ìyá: afárá tí oyin ti kó kúrò níbẹ̀.
Egungun ọmọ: ó gùn, ó fẹ́lẹ́,
ilà dúdú kan sì là gbayawu lẹ́bàá eékún rẹ̀,
kèrékèré ọmọ ọdún mẹ́tàlá nínú ara àgbàlagbà.
"Ilẹ̀kùn nìyí," ni dókítà wí. "Ó yẹ kó ti tì láti ọdún mẹ́wàá."

Bàbá bi í: ta ló yẹ kó tì í?
Ó ní: èròjà abo.
Yàrá pa lọ́lọ́. Bàbá wo irùngbọ̀n ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.
"Akọ lọmọ mi."
"Akọ ni. Èròjà akọ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ.
Ṣùgbọ́n lára gbogbo ọkùnrin, díẹ̀ nínú akọ ní láti yí padà di abo;
òun ló ń rìn dé ìpẹ̀kun egungun, tó ń yí kọ́kọ́rọ́.
Tirẹ̀ ò yí padà rí.
Ti ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ogójì ọdún,
ó ń ṣọ́ àwọn tó ń wó egungun
kí wọ́n má baà yára ju àwọn tó ń mọ ọ́n lọ.
Nǹkan oṣù dáwọ́ dúró, olùṣọ́ kó ẹrù rẹ̀."

Mo rántí pé nílé wa, ìyá ló ń sùn kẹ́yìn.
Á gbọn ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì, torí ìkookò.

Bébà àlẹ̀mọ́ra kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì.
Ermek ń tira mọ́ yàrá kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn.
Ìyá kanlẹ̀kùn: "Jáde, ká jọ lẹ̀ ẹ́.
Ohun tí mo fi bí ọ ni."
Bàbá ò sọ nǹkan kan.
Òun ló sì ń wakọ̀ lọ rà á ní Bíṣíkẹ́kì, nínú ẹ̀fúùfù.

Lọ́dún kejì mo mú pẹ́ńsù.
Àmì Ermek bọ́ sórí ti tẹ́lẹ̀, ilà kàn nípọn sí i ni.
Ìyá náà, ibi tó wà ló wà.
Ó ní kí n tún un wọ̀n, kí n má ṣojúsàájú.