Nọ́ńbà Ìgbẹ̀yìn

Fáìlì Awófẹ̀sọ̀ wúwo ju ti aláboyún mẹ́ta lọ.
Ṣágámù ni, yàrá àkọsílẹ̀ tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́.
"Jẹ̀díjẹ̀dí" ni ẹni àkọ́kọ́ kọ;
ìgò àgbo méje ló ti mu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.
Ẹni kejì kọ "oówo", ó là á, ó fún ọyún rẹ̀ dànù.
Oówo lọ. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Dókítà Ṣọ̀tẹ́ ló ti irin tín-ín-rín bọ ojú egbò,
ó rọra ń wá ẹnu kejì:
òkété kì í gbẹ́ ilé ẹlẹ́nu kan.
Ó bá a nínú lọ́hùn-ún, lókè iṣan tó ń dá ìgbẹ́ dúró,
ó fa òwú gba ibẹ̀, ó ta á ní kókó,
kí ìdọ̀tí máa rí ibi gbà jáde.

Iṣẹ́ tèmi kò ní ọ̀bẹ.
Àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà: ọyún, oyún.
Iṣẹ́ mi nìyẹn.
K, ọgọ́ta. Èyí kò le.
Nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn ló dá mi dúró, torí ìwé tuntun ń bèèrè
bóyá ó san tán kó tó padà,
àbí kò tilẹ̀ san rí.
Ọ̀tọ̀ ni àlejò tó lọ tó tún bọ̀,
ọ̀tọ̀ ni èyí tí kò dìde.

Mo mú bírò, mo lọ bá a ní fàráńdà.
Oníṣòwò obì. Ó wà ní òró,
bẹ́ǹṣì mẹ́rin ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
"Ó ti jinná rí," ó wí, ó ń wo ọ̀nà Mákùn.
"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi, mo jókòó
láti àárọ̀ títí wọ́n fi ká àga."

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè.
"Kò gbẹ lọ́jọ́ kan.
Èmi ni mo ń fọ aṣọ.
Lọ́jọ́ tó ń wí yẹn, àkísà mẹ́rin ni mo ká sí abẹ́ agbádá rẹ̀."

Awófẹ̀sọ̀ ò jiyàn.
Ó ṣí fìlà, ó tún dé e.

Mo padà sí yàrá, mo kọ nọ́ńbà náà: kò san rí.
Mo wá inú ìwé títí, n kò rí nọ́ńbà kankan
fún obìnrin tó fi ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n,
tó ń sá aṣọ náà lẹ́yìnkùlé, lóru,
kí ará àdúgbò má baà kà á.