Fífà Ni Iṣan Mọ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó ti máṣìnì
ní ìsàlẹ̀ òkè, ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè.
Ẹ̀yìn mi tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tó kan irin,
ìdí mi sùn, ó gbàgbé iṣẹ́ tí a dá a fún.
Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ láti mú bọ́tìnnì kan nílẹ̀
tí n kò lè nàró mọ́,
Morádéún ọmọ mi ló fà mí dìde
bí ẹni ń yọ aṣọ tó há sẹ́nu ẹ̀rọ.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ Tísà Fámúrewà lọ
lórí pápá iléèwé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán,
kùrukùru nà sórí òkè bí aṣọ tí a kò tíì gé.
Mo rò pé yóò ní n sáré.
Kò ní n sáré.
Ó ní, "Ìyá Morádéún, ẹ gbé ọwọ́ lé itan yín,
ẹ dìde, ẹ jókòó,
ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín gbọ́."
Mo ní, "Ó ń le, ó ń rọ̀."
Ó ní, "Ó parí.
Iṣan kì í ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀.
Ìdí tí wọ́n fi wà ní méjì-méjì nìyẹn:
ọ̀kan ń fà síwájú, èkejì ń fà sẹ́yìn,
bí ọ̀kan bá súnkì, èkejì a dẹ̀ fún un.
Bí méjèèjì bá jọ ta kú, ẹ di igi."

Ẹ̀rín pa mí. Ẹsẹ̀ mi ti mọ èyí kí n tó mọ̀ ọ́n.
Pẹ́dà máṣìnì!
Bí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá fà, ọmọ ìka a tẹ̀,
bí ti ojúgun bá fà, gìgísẹ̀ a tẹ̀,
títí ìró yóò fi di ìró, títí bùbá yóò fi di bùbá.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya egungun itan sára ògiri,
orí rẹ̀ róbótó nínú ihò ìbàdí
bí orí ọmọ odó nínú odó:
ó ń yí bó ṣe wù ú.
"Orúnkún ò rí bẹ́ẹ̀. Àgbékọ́ ilẹ̀kùn ni.
Ẹ ṣí i, ẹ pa á, ẹ má lọ́ ọ.
Kerekere tó wà nínú rẹ̀, láínì ni;
bó bá gbó, ta ni yóò tú u rán?
Ẹni tó fi orúnkún ṣe iṣẹ́ ìdí,
àlùmọ́gàjí ló fi ń gé igi."

Oṣù kẹta, a gun òkè.
Ẹ̀dọ̀fóró mi ń fẹ́ bí ẹwìrì,
ọkàn mi ń kan àyà bí àlejò tí òjò ká mọ́ ìta.
Mo dé orí rẹ̀. Mo rí òrùlé ulé mi, ó kéré bí páàkì.
Mo ní iṣẹ́ ti tán.
Àṣé ìsọ̀kalẹ̀ ló kù:
itan mi ń gbọ̀n rìrì,
lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀gùn mẹ́rin péré, mo fi ìdí wọ́ ọ.
"Kí ló dé tí gígùn kò dùn mí tó sísọ̀?"
Tísà ní, "Ẹ ti sọ korobá sí kànga rí?
Okùn ń gùn lọ́wọ́ yín,
ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó já bọ́.
Bí itan ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ ń bọ̀ nílẹ̀:
ó ń gùn, ó sì ń fà.
Ìyẹn gan-an ló ń ta ni, ìyẹn gan-an ló ń kọ́ ni."

Lánàá, bọ́tìnnì mìíràn bọ́.
Morádéún na ọwọ́. Mo ní, "Fi sílẹ̀."
Mo ti ìdí sẹ́yìn, mo jẹ́ kí ẹ̀yìn gùn gbọọrọ,
mo gbọ́ tí iṣan ẹ̀yìn itan nà bí rọ́bà ṣòkòtò,
mo kan ilẹ̀.
Bọ́tìnnì kò sí níbẹ̀ mọ́,
ó ti yí gbirigbiri wọ abẹ́ máṣìnì.
Mo nàró.
Mo tún bẹ̀rẹ̀.