Táyà Yìnyín ní Zuba

Barau nu eruku kúrò lára táyà tókunbọ̀,
ó ní kí n wo àmì yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
“Ti òtútù ni, Àlàájì. Ó bá ọyẹ́ mu.”

Ọyẹ́ tó ń la ètè, tí kì í sọ omi di yìnyín?
Mo tẹ̀ ẹ́; ó rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.
Tó bá di oṣù kẹta, tí ọ̀dà ń yọ́ lọ́nà Kàdúná,
eyín rẹ̀ á ti jẹ tán kí n tó dé Tafa.

“Ti ìgbà gbogbo ńkọ́?”
Ó yí òmíràn wá. Mo fi ìka wá ọjọ́ orí rẹ̀,
nọ́ńbà mẹ́rin:
ọdún tí eyín iwájú Ìbídàpọ̀ ká.

Ó ti ń wa ọkọ̀ báyìí.
Òun ni yóò wa eléyìí lọ́la.

Mo béèrè iye tí tuntun jẹ́.
Barau rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún mi.