Àkàbà ní Aṣúbíaró

Èmi kò rí òkun rí.
Omi tó tóbi jù lójú mi ni odò Ọ̀ṣun lóṣù kẹsàn-án,
nígbà tó bá kún dé abẹ́ afárá, tó ń gbé igi gbígbẹ lọ.
Síbẹ̀ èmi ni wọ́n gbé Láṣùpọ̀ wá bá,
atukọ̀ tí okùn irin já nà lórí ọkọ̀ ẹrù,
tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ fọ́.

Ó ní òkun ibẹ̀ ṣú bí aró.
Mo ní, "Àdúgbò tó o wà yìí ńkọ́?
Aṣúbíaró ni. O kò tíì lọ jìnnà."

Ọjọ́ kìíní, ìgbésẹ̀ mẹ́ta, òógùn gba gbogbo ẹ̀wù.
Ọjọ́ kejì, ó fi èdè Fìlípíìnì bú mi.
Ọjọ́ kẹta, ó túmọ̀ rẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín.
Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Kápítéènì.

Ìwé tí mo kà ní yunifásítì
kò sọ bí a ṣe ń tún ẹsẹ̀ ṣe fún ilẹ̀ tó ń mì.
Ilẹ̀ Òṣogbo kì í mì.
Mo gbé pákó lé táyà ògbólógbòó,
mo ní kó dúró lórí rẹ̀, kó di garawa omi mú, kí omi má dà.
Ó dà. Ó dà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.
Ìyá Mùsílíù tó ń nulẹ̀ ní òun yóò fẹjọ́ mi sùn.

Bàbá Tìámíyù káfíńtà kan àkàbà fún wa,
ó béèrè pé máńgòrò ta ni a fẹ́ ká.
Ìtẹ̀sẹ̀ mọ́kànlá.
Láṣùpọ̀ gun mẹ́ta, ó sọ̀. Ó gun márùn-ún, ó sunkún.
Ó ní kì í ṣe ìrora; òun ń gbọ́
bí okùn yẹn ṣe dún kó tó já.

Òkun, okùn, okun:
ohùn nìkan la fi ń yà wọ́n.
Ọ̀kan pè é lọ, ọ̀kan nà án padà sílé,
ọ̀kan ni mo ń wá nínú itan rẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀,
pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì àti òróró.

Ìyá rẹ̀ a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa fa tẹ̀súbáà.
Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí.
Mo fura pé àdúrà rẹ̀ ni
kí orúnkún náà san tó láti rìn dé mọ́ṣáláṣí,
kó má san tó láti dé Àpápá.

Lóṣù keje, dókítà ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé.
Láṣùpọ̀ gbé garawa gun gbogbo rẹ̀ dókè,
ó yọ ahọ́n sí mi.

Àná, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi.
Atẹ́gùn pọ̀, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ:
"Kápítéènì... àkàbà ibí... ẹsẹ̀ náà..."
Mo gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dá fóònù padà.
Ó ní, "Orúnkún tèmi náà ń dùn mí.
Ọjọ́ wo ni kí n wá?"