Má Mí

Mo bá Dorota pààrọ̀ iṣẹ́ òru,
mo wọ bọ́ọ̀sì láti Bilston, mo débẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹní tán,
ẹní rọ́bà, búlúù àti pupa, tó wọnú ara wọn bí eyín,
nínú gbọ̀ngàn eré kan ní Wolverhampton
tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ àti ọṣẹ tí wọ́n fi ń nulẹ̀.
Mo mọ ọṣẹ náà. Mo ti fi nulẹ̀ rí.

Bàbá kan tó wé láwàní gbé tíì fún mi nínú ife bébà.
"Èwo ni tiyín?"
Mo ní, "Nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Èyí tó ga jù."
"Àá, Íbì! Ìyàwó mi ló kọ́ ọ."
Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti gé Ìbídùn kúrú.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ikọ́ fée mú un,
ní yàrá òkè tí ògiri rẹ̀ ń làágùn ní oṣù Kejìlá.
Onílé wá, ó wo dúdú tó hù lára ògiri,
ó ní èémí wa ló fà á. Ó ní à ń mí jù.
Mo máa ń jókòó tì í lóru, mo ń ka èémí rẹ̀
bí ẹni ń ka owó tí kò ní í tó san gbèsè.
Ọmọ mi, mí. Mí, ọmọ mi.
Títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Lónìí, orúkọ ilẹ̀ náà wà láyà rẹ̀,
níbi tí fée ń gbé.

Nínú gbogbo eré ayé, ó lọ yan
eré tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn mí.
Kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí igi:
wọ́n á rán ìwọ nìkan lọ sílé onílé,
ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ, èémí kan nínú rẹ,
kí o fọwọ́ kan ẹni tí o bá lè kàn, kí o sá padà.
Bí ọ̀rọ̀ bá já lẹ́nu rẹ, o kú nìyẹn, lọ jókòó.
(Èmi náà wọ ìlú yìí bẹ́ẹ̀. Èmi ni n kò sá padà.)

Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kù. Họ́ńgárì fi ayò méjì ṣáájú.
Simrit ti kú, Parveen ti kú, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ ètè.
Ẹ̀ẹ̀mejì la ti lọ tí a bọ̀ lọ́wọ́ òfo;
òfin ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.
Gurmeet na ìka kan: Íbì.

Kabadí kabadí kabadí,
ó tẹ̀ kòòrò bí ẹni ń wá owó tó já bọ́,
àwọn méje di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ọgbà,
kabadí kabadí, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan orúnkún ẹnì kan,
kabadí,
wọ́n sì wó lé e.
Ọ̀kan dì í ní ìbàdí, ọ̀kan dì í ní ọrùn ẹsẹ̀.
Ohùn rẹ̀ ń jáde lábẹ́ wọn, tín-ín-rín,
ohùn òru wọ̀nyẹn gan-an.
Mo ti di inhélà mú nínú báàgì mi.
Mo gbọ́ ẹnu ara mi:
Má mí. Ọmọ mi, má mí.
Irú ìyá wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀?

Ó na ọwọ́ sí ìlà. Ohun tó kù
kò ju èékánná lọ,
èékánná tí mo bá a gé lálẹ́ àná nítorí òfin.

Fèrè dún.
Ó mí. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.
Èmi náà mí, n kò mọ̀ pé mo ti dáwọ́ dúró.
Ọmọ Họ́ńgárì tó dì í lẹ́sẹ̀ fà á dìde,
ó gbọn eruku tí kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń jẹ pàrátà tí ìyá Gurmeet dì fún un,
kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá ilé epo.
"Mọ́mì, ó ku díẹ̀."
Mo ní, "Èékánná ni."
Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
Mo kọjú sí fèrèsé.
Mo ń kà.